Ọ̀ṣọ́ Àlẹ̀mọ́ ní Agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́: Láti Ara Orùfanran Dé Ojú Kọ̀ǹpútà

Ìfáárà

Iṣẹ́ yìí dá lórí ìtàn ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ohun kékeré, èyí ni ọ̀ṣọ́ tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ àwòrán ènìyàn kí àwòrán náà tó di ohun ìrántí. Láyé òde òní, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣe é. Bí àgbà bá fi ilẹ̀ ṣe aṣọ bora ní Ọ̀wọ̀, ní Ìfọ́n, ní Ìdóànì tàbí ní Ẹ̀múrẹ́-Ilé, àwọn ọmọ olóògbé yóò kó fọ́tò bàbá tàbí ìyá wọn lọ sí ọ̀dọ̀ atẹ̀wé. Atẹ̀wé yóò to àwọn fọ́tò náà sínú ìwé pẹlẹbẹ kan, yóò sì fi òdòdó, rìbọ́ọ̀nù, ẹyẹlé, àbẹ́là àti férémù aláwọ̀ wúrà yí wọn ká. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe fún ìgbéyàwó, fún ìwúyè, àti fún ayẹyẹ àádọ́rin ọdún. Àwọn òyìnbó ní irú iṣẹ́ yìí pẹ̀lú. Wọ́n máa ń kó fọ́tò, lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ ìdílé pọ̀ sójú ewé kan náà, wọn a sì fi oríṣiríṣi ọ̀ṣọ́ bu ẹwà kún un. Ìwé ìrántí alálẹ̀mọ́ ni orúkọ tí iṣẹ́ yìí fún irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ọ̀ṣọ́ àlẹ̀mọ́ sì ni ohun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn.

Ìbéèrè tí ó jẹyọ ni pé, níbo ni òdòdó àti rìbọ́ọ̀nù wọ̀nyí ti wá, kí sì ni àwọn ará agbègbè náà ń fi ṣe irú ọ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó dé? Ọ̀rọ̀ náà kọjá ọ̀rọ̀ ẹwà. Ní Ọ̀wọ̀ àtijọ́, ọ̀ṣọ́ tí ènìyàn wọ̀ ni ó ń sọ irú ẹni tí ó jẹ́, ilé tí ó ti wá àti ipò tí ó dì mú. Ọ̀ṣọ́ tí ó yí fọ́tò òde òní ká kì í sọ nǹkan kan nípa ẹni tí ó wà nínú fọ́tò. Bí wọ́n bá yọ orúkọ kúrò lójú ìwé ìsìnkú ará Ọ̀wọ̀, tí wọ́n sì fi orúkọ ará Kánádà rọ́pò rẹ̀, ọ̀ṣọ́ náà yóò bá a mu rẹ́gí.

Ọnà Ọ̀wọ̀ kí fọ́tò tó dé

Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Ojúgbẹ̀lú, ọ̀kan lára àwọn ọmọ Odùduwà, ni ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde ní Ilé-Ifẹ̀, tí ìrìn-àjò wọn fi yọrí sí dídá Ọ̀wọ̀ sílẹ̀. Àárín Ifẹ̀ àti Ìbíní ni ìlú náà wà, ọnà rẹ̀ sì fi èyí hàn. Láàárín ọdún 1969 sí 1971, Ekpo Eyo, onímọ̀ ìwalẹ̀ tí ó darí ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ tí ń mójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, walẹ̀ ní Igbó Ọ̀lájà, nínú ìlú Ọ̀wọ̀. Ère amọ̀ sísun ni ó gbajúmọ̀ jù nínú ohun tí ó rí níbẹ̀: oríṣiríṣi orí ènìyàn, àti ẹkùn tí ó ń jẹ ẹsẹ̀ ènìyàn. Àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì fi hàn pé nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ni àwọn ère náà ti wà. Ojú àwọn orí náà jọ ti Ifẹ̀ gidigidi, ṣùgbọ́n irú ẹkùn bẹ́ẹ̀ yóò mú ènìyàn rántí Ìbíní.

Eyín erin ni iṣẹ́ tí Ọ̀wọ̀ fi lókìkí jù lọ láàárín àwọn onímọ̀. William Fagg, tí ó ṣiṣẹ́ ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, wà lára àwọn tí ó tọ́ka sí i pé púpọ̀ nínú iṣẹ́ eyín erin tí wọ́n ti ń pè ní ti Ìbíní, ọwọ́ àwọn agbẹ́nà Ọ̀wọ̀ ni ó ti jáde. Àwo olómorí wà lára rẹ̀, ẹ̀gbà ọwọ́ náà sì wà. Ẹ̀gbà ọwọ́ yìí yẹ fún wíwò fínnífínní. Inú ẹyọ eyín kan ṣoṣo ni agbẹ́nà ti máa ń gbẹ́ òbìrípo méjì, ọ̀kan nínú èkejì, tí wọ́n á máa mira láìjáde kúrò nínú ara wọn. Ẹni tí ó bá ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀, tí kò sì bẹ̀rù pé eyín olówó iyebíye lè là sí òun lọ́wọ́, ni ó lè dán an wò.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó sún mọ́ kókó iṣẹ́ yìí jù ni orùfanran. Orùfanran ni aṣọ oyè tí Ọlọ́wọ̀ àti àwọn ìjòyè gíga ń wọ̀ lọ́jọ́ ńlá. Aṣọ pupa ni wọ́n máa ń gé wẹ́wẹ́ bí ìpẹ́ akìkà, tí wọ́n sì ń rán àwọn ìpẹ́ náà léra wọn títí yóò fi bo ara ẹ̀wù. Akìkà kì í sá fún ẹkùn. Yóò ká jọ ni, ìpẹ́ ara rẹ̀ a sì gbà á là. Orí ìpẹ́ aṣọ yìí ni wọ́n ń rán ọ̀ṣọ́ tí wọ́n fi eyín erin gbẹ́ mọ́. Orí ènìyàn ń bẹ nínú rẹ̀, orí àgbò ń bẹ, orí ẹkùn ń bẹ, ọ̀nì náà kò gbẹ́yìn. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan dá dúró lọ́tọ̀. Agbẹ́nà yóò gbẹ́ ẹ tán, yóò sì lu ihò sí i kí òwú lè ráyè wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn èyí ni ẹni tí ń to aṣọ náà yóò wá pinnu ibi tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan yóò jókòó sí, èyí tí yóò wà láyà àti èyí tí yóò wà létí. Bí aṣọ bá gbó, ọ̀ṣọ́ lè kúrò lára rẹ̀ kí ó sì bọ́ sára òmíràn. Ìlànà yìí kan náà ni ẹni tí ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ọ̀ṣọ́ àlẹ̀mọ́ ń tẹ̀ lé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ pé àwọn baba rẹ̀ ti ṣe é rí: ọ̀ṣọ́ jẹ́ ohun tí ó dá dúró, tí kò ní ilẹ̀ tirẹ̀, tí ènìyàn lè gbé láti ibì kan dé ibòmíràn.

Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé kò sí orùfanran ọjà. Ẹni tí yóò wọ̀ ọ́ ni ó ń pinnu ohun tí yóò wà lára rẹ̀. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí pẹ̀lú ùdàmalóre, idà oyè tí àwọn ènìyàn ńlá ń gbé kọ́ ìbàdí, àti ọ̀sanmásìnmi, orí àgbò tí wọ́n fi igi gbẹ́ fún ojúbọ àwọn baba ńlá. Àwọn obìnrin pẹ̀lú ní ọnà tiwọn. Robin Poynor, tí ó ṣe ìwádìí ní Ọ̀wọ̀ ní àwọn ọdún 1970, kọ nípa aṣọ tí àwọn obìnrin ibẹ̀ ń hun lórí òfì òòró, tí sẹ̀ghọ̀sẹ̀n àti àṣígbò wà lára wọn. Àwọ̀ àti ilà tí aṣọ kọ̀ọ̀kan ní kì í ṣe ọ̀ràn ìfẹ́ ọkàn ahunṣọ nìkan. Ayẹyẹ tí wọ́n fẹ́ lò ó fún, pàápàá ètò ìsìnkú, ní ọ̀rọ̀ láti sọ sí i.

Àkó: àwòrán tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ kí wọ́n tó sin ín

Ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé fọ́tò ni ó kọ́kọ́ kọ́ ará Ọ̀wọ̀ ní ṣíṣe àwòrán olóògbé lọ́ṣọ̀ọ́ kò tíì gbọ́ nípa àkó. Àkó ni ère tí wọ́n máa ń gbẹ́ fún ìsìnkú kejì ènìyàn pàtàkì, tí yóò jọ olóògbé náà bí ó ti rí nígbà ayé rẹ̀. Gíga ènìyàn ni ère náà máa ń ga. Wọn a wọ aṣọ olóògbé fún un, wọn a gbé ìlẹ̀kẹ̀ sí i lọ́rùn, wọn a gbé e jókòó kí ará àti ọ̀rẹ́ lè wò ó, wọn a gbé e yí ìlú ká, lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá lọ sin ín. Rowland Abíọ́dún, tí ó tún iṣẹ́ àkó gbé yẹ̀ wò ní ọdún 1976, jẹ́ kí ó hàn pé jíjọra ni ọ̀pá òṣùwọ̀n rẹ̀. Èyí ṣọ̀wọ́n láàárín ère Yorùbá, nítorí pé ọ̀pọ̀ agbẹ́gilére kì í lépa kí ère jọ ojú ẹnì kan pàtó.

Ohun méjì ni ó pàdé lára àkó. Èkíní ni ojú tí ó jọ olóògbé. Èkejì ni ọ̀ṣọ́ tí ó ń sọ ipò rẹ̀. Bí ojú bá jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí ọ̀ṣọ́ kò bá a mu, ẹni tí ó mọ olóògbé yóò mọ̀ pé nǹkan kù. Nígbà tí fọ́tò wá dé, iṣẹ́ kìíní ni ó gbà. Ojú tí kámẹ́rà yà kò níí ṣàì jọ olójú. Iṣẹ́ kejì ni ó wá di ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe bí ó ti wù ú, ibẹ̀ gan-an sì ni òdòdó ilẹ̀ òkèèrè ti rí ọ̀nà wọlé.

Fọ́tò àti álíbọ́ọ̀mù

Ọdún 1839 ni wọ́n kéde iṣẹ́ fọ́tò fún aráyé ní ilẹ̀ Faransé. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, ó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Èkó. Ní ìhà Ìbíní, tí ó bá ilẹ̀ Ọ̀sẹ́ pààlà, Solomon Osagie Alonge, tí wọ́n bí ní 1911 tí ó sì kú ní 1994, ni ayàwòrán ààfin Ọba Ìbíní. Ilé fọ́tò rẹ̀, Ideal Photo Studio, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1942. Nígbà tí kò tíì sí fọ́tò aláwọ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń kun fọ́tò: wọn a fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kun ìlẹ̀kẹ̀ iyùn kí ó pupa, wọn a sì kun ètè àti aṣọ. Ọ̀ṣọ́ àfọwọ́ṣe ni èyí, fún ẹyọ fọ́tò kan ṣoṣo, fún ẹnì kan ṣoṣo.

Ní Ìlá Ọ̀ràngún, Stephen Sprague ṣe ìwádìí ní 1975 lórí bí àwọn Yorùbá ṣe ń lo fọ́tò, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1978. Ó rí i níbẹ̀ pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya fọ́tò wọn, ayàwòrán a máa tẹ àwòrán èyí tí ó wà láàyè lẹ́ẹ̀mejì sójú ìwé kan náà kí ìbejì náà lè pé. Àtòpọ̀ àwòrán, tí àwọn ènìyàn rò pé kọ̀ǹpútà ni ó mú un wá, ti wà lọ́wọ́ ayàwòrán ìlú kékeré ṣáájú kọ̀ǹpútà.

Álíbọ́ọ̀mù ni ìwé ìrántí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú ilé. Àlejò kò ní í tíì mu omi tán kí wọ́n tó gbé e lé e lọ́wọ́. Ewé dúdú ni ti ìgbà àtijọ́, tí wọ́n ń fi ìwé onígun mẹ́ta kékèèké di igun fọ́tò mú. Nígbà tí ó yá, álíbọ́ọ̀mù tí ó ní ọ̀rá dé, ẹnu ọ̀nà sì tì mọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ kọ nǹkan sí ẹ̀gbẹ́ fọ́tò tàbí kí ó lẹ nǹkan mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ álíbọ́ọ̀mù ni ó kún fún ojú tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ mọ́, nítorí pé ẹni tí ó mọ̀ wọ́n ti lọ.

Bí ìwé alálẹ̀mọ́ ṣe gbilẹ̀ lókè òkun

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, lílẹ àwòrán àti ìwé wẹ́wẹ́ sójú ìwé gbòde ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn ilé ìtẹ̀wé Jámánì ń tẹ àwòrán òdòdó, áńgẹ́lì àti ọmọdé aláwọ̀ mèremère jáde fún títà, tí ènìyàn kàn ní láti gé kí ó sì lẹ̀. Mark Twain pàápàá gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ìwé alálẹ̀mọ́ tí ó ní gọ́ọ̀mù lójú ní ọdún 1873. Ní 1980, obìnrin kan tí ń jẹ́ Marielen Christensen kó ìwé ìrántí ìdílé rẹ̀ lọ pàtẹ níbi àpérò àgbáyé lórí àkọsílẹ̀ ìdílé ní Salt Lake City, láti ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ náà ti di òwò ńlá. Òdòdó tí ó wà lójú ìwé ìsìnkú Ọ̀wọ̀ lónìí, ìran òdòdó Jámánì ọjọ́sí ni.

Kọ̀ǹpútà ni ó gbé e dé. CorelDRAW jáde ní 1989, Photoshop jáde ní 1990. Ọ̀nà ìpamọ́ àwòrán tí wọ́n ń pè ní PNG jáde ní 1996, pàtàkì rẹ̀ sì ni pé ó gba àwòrán tí kò ní ilẹ̀ lẹ́yìn láàyè: bí wọ́n bá gbé e lé orí fọ́tò, ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò máa hàn yí i ká. Láìsí irú èyí, ọ̀ṣọ́ àlẹ̀mọ́ yóò máa gbé páálí funfun kiri. Àwọn tí ó ṣe CorelDRAW máa ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán tí wọ́n ti yà sílẹ̀ mọ́ ọn nínú séédì, èyí sì ni àwọn atẹ̀wé bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà rí lò. Kò tọ́ láti bá wọn wí. Ẹni tí yóò fi ìwé ojú ogún jíṣẹ́ lọ́la, tí iná mọ̀nàmọ́ná sì lè lọ nígbàkigbà, kò ní ráyè jókòó ya orí àgbò. Ohun tí ó wà nílẹ̀ ni yóò gbé. Lẹ́yìn tí fóònù alágbèéká ti gbilẹ̀ láti 2001, tí fóònù oníkámẹ́rà sì dé lẹ́yìn rẹ̀, fọ́tò pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ, ṣùgbọ́n ọ̀ṣọ́ wà bí ó ṣe wà.

Gbígbẹ́ ọnà Ọ̀wọ̀ sójú kọ̀ǹpútà

Iṣẹ́ náà kò ju agbára ẹni tí ó bá mọ kọ̀ǹpútà lò lọ. Ẹni tí yóò ṣe é yóò kọ́kọ́ ya fọ́tò ohun tí ó fẹ́, bí àpẹẹrẹ, ọnà ara òpó, ọnà ara ìlẹ̀kùn, tàbí ilà ara aṣọ òfì tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀. Ojú ọ̀run tí ó ṣú díẹ̀ dára fún un ju oòrùn gangan lọ, nítorí pé òjìji líle máa ń bo ìlà ọnà mọ́lẹ̀. Ó lè wá gé ohun náà kúrò lára ilẹ̀ rẹ̀, kí ó sì fi pa mọ́ bí fọ́tò; ó sì lè fi ìlà tọ ẹ̀bá rẹ̀, kí ó sọ ọ́ di àwòrán ìlà. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín méjèèjì. Èyí tí ó jẹ́ fọ́tò yóò fọ́jú bí wọ́n bá fẹ̀ ẹ́ jù. Èyí tí ó jẹ́ ìlà lè kéré bí òǹtẹ̀, ó sì lè tóbi bí pátákó ìpolówó, kí ó má yí padà. Ewé tí ó jẹ́ íńṣì 12 níbùú àti lóròó, tí wọ́n bá fẹ́ kí ó mọ́ dáadáa lórí ìwé, gbọ́dọ̀ ní 3,600 àmì tó-tò-tó lápá kọ̀ọ̀kan, nítorí pé 300 ni íńṣì kan ń gbà. Ọ̀pọ̀ fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí fóònù kò tó bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tí ó mú iṣẹ́ yìí rọrùn, tí ó sì dunni. Àwọn ọ̀ṣọ́ eyín erin Ọ̀wọ̀ tí ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òkè òkun, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n pàtẹ púpọ̀ nínú wọn, lórí ilẹ̀ eérú tàbí dúdú, láìsí aṣọ pupa lábẹ́ wọn. Àwọn tí ó kó wọn lọ ti gé wọn kúrò lára ilẹ̀ wọn tán. Ihò òwú ṣì wà lára wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ ya irú wọn lónìí yóò fi ihò náà sílẹ̀ bí ó ti ní láárí tó, nítorí pé òun ni ẹ̀rí pé ara aṣọ kan ni ohun náà ti wá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990, tí òfin àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ṣe ní 1989 lòdì sí òwò eyín erin ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, agbẹ́nà kò lè retí àtigba eyín tuntun fi ṣòwò bí ti àtijọ́. Ojú kọ̀ǹpútà jẹ́ ibi tí ọnà náà ti lè máa bá a lọ láìjẹ́ pé erin kan kú.

Bí ó ti wù kí ó rí, gbogbo ọnà kọ́ ni ó yẹ gbogbo ojú ewé. Àpẹẹrẹ tí ó hàn jù ni ti ọdún Ìgògò, tí Ọ̀wọ̀ ń ṣe ní ìrántí Ọ̀rọ̀ǹṣẹ̀n, ayaba Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ́n. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni ọdún náà ń gbà. Ní gbogbo àsìkò náà, ìlù lílù di èèwọ̀. Agogo ni wọ́n ń lù. Ọlọ́wọ̀ a di irun, a sì wọ iyùn. Ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ojú ewé ìrántí Ìgògò, tí ó wá lọ gbé àwòrán gángan tàbí dùndún sí igun ewé nítorí pé ìlù ni ó kọ́kọ́ rí nígbà tí ó ń wá ọ̀ṣọ́ Yorùbá, ti gbé èèwọ̀ sójú ìwé. Ọ̀ṣọ́ Yorùbá ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti Ìgògò. Bẹ́ẹ̀ náà ni adé àti iyùn ọba kò bá ojú ewé ọjọ́ ìbí ẹni tí kò joyè mu, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ pọ̀. Ti ọ̀sanmásìnmi ṣòro díẹ̀ sí i: ojúbọ ni ilé rẹ̀, ìdílé onígbàgbọ́ lè kọ̀ ọ́, ìdílé mìíràn sì lè sọ pé kò sí ohun tí ó yẹ ìwé ìsìnkú bàbá àwọn jù ú lọ. Olórí ẹbí ni ó yẹ kí wọ́n bi kí atẹ̀wé tó tẹ nǹkan kan. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní Ọ̀sẹ́, láti Ìfọ́n dé Ìdóànì àti Ìmèrí, ní ọba, oyè àti èèwọ̀ tirẹ̀. Ohun tí ó tọ́ ní Ọ̀wọ̀ lè ṣaláìtọ́ níbẹ̀.

Ó ku ti ìpamọ́. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ni ó máa ń wà lọ́wọ́ ìdílé. Fáìlì inú kọ̀ǹpútà, ọwọ́ atẹ̀wé ni ó ń gbé. Bí kọ̀ǹpútà atẹ̀wé bá kún, ó lè pa iṣẹ́ ọdún tí ó kọjá rẹ́ kí ti tuntun lè ráyè. Ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, tí ìyá bá tẹ̀ lé bàbá, tí àwọn ọmọ sì ń wá fọ́tò àwọn méjèèjì papọ̀, ìwé ìsìnkú bàbá ni wọn yóò gbé lọ fún atẹ̀wé mìíràn kí ó fi ẹ̀rọ yà á. Òdòdó àti rìbọ́ọ̀nù ti wà lára fọ́tò náà nígbà yẹn, wọ́n ti gorí èjìká bàbá, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè yọ wọ́n kúrò mọ́ láìjẹ́ pé wọ́n yọ lára bàbá mọ́ ọn.